Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Bàbá Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ tí Àǹtí Ètò da àwòrán sórí tábìlì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Inú yàrá ìgbàlejò Bàbá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n jókòó sí, ìdílé ọkọ lápá kan, ìdílé ìyàwó lápá kejì, ife omi tútù níwájú kálukú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó ni Àǹtí Ètò yìí, obìnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, yóò kọ́kọ́ pe ìpàdé lé e lórí. Òun ló gba ètò ìgbéyàwó náà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó láyà láti gbà á padà.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ń múra nìyí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí orin jáàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde lókè òkun. Bí ìgbéyàwó wa ṣe máa rí gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò bá múra bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà."

Wọ́n wò ó. Àwọn obìnrin inú àwòrán gé irun mọ́ etí, wọ́n de ọ̀já tín-ínrín mọ́ iwájú orí, wọ́n sì ki ìyẹ́ ẹyẹ bọ̀ ọ́. Aṣọ wọn lọ gbọọrọ láti èjìká dé orúnkún, kò fún mọ́ wọn níbì kankan, okùn wẹ́wẹ́ wá ń mì létí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ kóòtù dúdú, irun wọn ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

"Ìbàdí aṣọ yìí dà?" Ìyá Ìyàwó, ìyẹn aya Bàbá Jẹ́jẹ́, ló béèrè.

"Kò ní ìbàdí, Mà. Bí wọ́n ṣe ń rán an nígbà yẹn nìyẹn."

"Èmi ní ìbàdí o. Níbo ni kí n gbé e sí lọ́jọ́ náà? Ṣé kí n fi í sílé ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá kan òun. Ó wo ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kékeré láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, torí pé ojú ìyá bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé. Ọmọ náà jókòó ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Òun nìkan ni wọ́n bí. Ohun tó bá ti fẹ́, bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ẹ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ.

"Ó wá ku ijó ìṣíde," Àǹtí Ètò ní. "Bàbá ìyàwó àti ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ bọ́ síta, kí ẹnikẹ́ni tó jó. Ijó ìgbà yẹn náà ni wọn yóò sì jó."

Ó na fóònù rẹ̀ sí wọn. Ènìyàn méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n ń ju ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n ń jù ú sẹ́yìn, orúnkún ń gbá orúnkún, apá ń fò lọ fò bọ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ wò ó títí.

"Ta ni yóò jó kí ni?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá." Àǹtí Ètò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí kò bá sì rọ̀ yín lọ́rùn, kò sí wàhálà rárá. Bàbá tiwa wà níbí, wọ́n á bá yín jó o."

Bàbá tiwọn rèé o, onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Gbajúmọ̀. Ọkùnrin náà ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ tábìlì láti ìgbà tí orin ti jáde nínú fóònù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. "Ohun tó bá wu àna mi ló wù mí," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà ká Bàbá Jẹ́jẹ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kúkú mọ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọmọ òun á di ará ilé àwọn ẹlòmíì. Ó ti gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máà tilẹ̀ jẹ́ kí òun mú un jáde? Kí ó jẹ́ ọwọ́ onígbàjámọ̀ ni gbogbo ayé yóò kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ ọmọ òun?

"Èmi ni mo máa jó o," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ ja á ní èékánná lápá lábẹ́ tábìlì. "Olówó orí mi, ẹ dákun."

"Mo ní èmi ni mo máa jó o!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá Jẹ́jẹ́ jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò ló ń ṣe. Ó ní mọ́tò kékeré kan tó láwọ̀ ewé, tó ní búréèkì méjì: ọ̀kan lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń wà á, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ Bàbá Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ níjòókòó ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó síbẹ̀, kó máa wo iwájú, kó máa pariwo pé "Jẹ́jẹ́! Jẹ́jẹ́!" Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá kọ̀, tó ní dandan àfi kí òun pa àwọn, kí ó tẹ búréèkì. Láti ìgbà tí irun ṣì pé lórí rẹ̀ ló ti ń ṣe é.

Iṣẹ́ yìí ti wá sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ di aláìgbọràn. Ohunkóhun tó bá ti ṣàdédé mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà á ti balẹ̀, gbì! Ìyàwó rẹ̀ sáré gbé ìkòkò kọjá, gbì! Ó wà nínú ọkọ̀ èrò, awakọ̀ yà lójijì, gbì! Obìnrin kan dìde fùú nílé ìjọsìn láti lọ jẹ́rìí, Bàbá Jẹ́jẹ́ tẹ ẹ́ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ẹ̀rí náà sì di igbe. Kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Kó tó rò ó, ẹsẹ̀ ti ṣe tirẹ̀. Ijó wo wá ni Àǹtí Ètò rí mú wá? Ijó tí ẹnìkejì á dúró tì ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí á máa ju ẹsẹ̀ sókè láìsọ fún ọ! Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣe é láti fi dójú ti Bàbá Jẹ́jẹ́.

Ọlọ́run bá a ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lásìkò náà jẹ́ olùkọ́ ijó. Ọmọbìnrin tó yá lọ́wọ́, tó yá lẹ́sẹ̀ ni, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà ló sì ti ń kọ́ àwọn èèyàn. Bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ dárà nínú yàrá yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ kan náà ba mọ́tò jẹ́. Kò tíì sí òpó iná kan ládùúgbò tí kò tíì fẹ́ lọ kí. Àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn: láàárọ̀, Bàbá Jẹ́jẹ́ á kọ́ ọ ní mọ́tò, lọ́sàn-án, òun á kọ́ Bàbá Jẹ́jẹ́ níjó. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbọ́.

Láàárọ̀, Bàbá Jẹ́jẹ́ ló ń gun ẹṣin aáyán. "Ta ló ní kóo yà? Mo ní ta ló ní kóo yà! Ṣé ojú rẹ wà lórí ni àbí o fi í sílé?" Lọ́sàn-án, á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti bú láàárọ̀.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ dúró? Ṣé iná tó ń dá mọ́tò dúró wà nínú yàrá yìí ni?"

"Mi ò dúró. Mo ń ronú ni."

"Ẹ má ronú mọ́, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín ò gbọ́ èdè ìrònú."

Níkẹyìn, ọmọbìnrin náà dá ọgbọ́n kan. Ó ní kí Bàbá Jẹ́jẹ́ gbàgbé pé ijó ni, kó ṣe bí ẹni ń wa mọ́tò. Ẹsẹ̀ òsì síwájú, kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé e padà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ẹ fún un níná. Ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ ni sitiárìn, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì. Àfi bí idán! Bàbá Jẹ́jẹ́ dúró níwájú dígí, òun nìkan, ó sì jó ijó ọgọ́rùn-ún ọdún náà tán láìsí àṣìṣe kan. Orí rẹ̀ wú. Ó ń jó o nínú balùwẹ̀, ó ń jó o nígbà tó ń bu epo sí mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ ká a mọ́ ilé ìdáná níbi tó ti ń yí sitiárìn tí ẹnikẹ́ni kò rí, obìnrin náà sì rọra ti ilẹ̀kùn padà.

Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ ijó bá ti wá dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ju ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, gbì! Ilẹ̀ pákó náà á ró kẹ̀ù. Oníbàtà tó wà nísàlẹ̀ gòkè wá béèrè ohun tó jábọ́. Nígbà tó gòkè wá lẹ́ẹ̀kejì, kò béèrè nǹkan kan mọ́, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n tìkà-tẹ̀gbin.

"Bàbá," olùkọ́ ijó sọ lọ́jọ́ kan, ó ti rẹ̀ ẹ́, "ijó ò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló ń bà yín."

"Bí ìwọ náà bá jókòó ti ara rẹ nínú mọ́tò, ṣé ẹ̀rù ò ní bà ọ́?"

Ọmọbìnrin náà tún orin tẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ẹsẹ̀ náà tún balẹ̀ gbì.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ọjọ́ ìdánrawò nínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú gbogbo aṣọ ẹ̀ṣọ́. Àǹtí Ètò wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ológun. Aṣọ tí kò ní ìbàdí ti bọ́ sọ́rùn Ìyá Ìyàwó ṣá, ó wà nínú rẹ̀ bí ìrọ̀rí tó ju àpò rẹ̀ lọ, ìyẹ́ iwájú orí rẹ̀ sì ń tọ gbogbo ẹni tó bá bá sọ̀rọ̀ nímú. Bàbá Gbajúmọ̀ ti fi òróró pa ìwọ̀nba irun tó kù lórí Bàbá Jẹ́jẹ́. Ó pa á dáadáa, torí pé onínúure ni, orí náà sì ń kọ mọ̀nà.

Ìyá Kékeré jáde wá nínú aṣọ funfun rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn títí dé inú. Ó dára, ó dára, ó dára. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó na ọwọ́ sí i. Àwọn onífèrè tí Àǹtí Ètò háyà gbé orin sókè.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì, kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, iná. Ìyá Ìyàwó la ẹnu sílẹ̀, kò gbà pé ọkọ òun ni. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Kékeré ju ẹsẹ̀ sókè, gbì! Ó tún jù ú, gbì! Ó ju ẹ̀kẹta, bàtà tuntun bàbá rẹ̀ sì bà lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́kẹ́.

"Yéè! Bàbá mi!"

Fèrè dákẹ́. Ìyá Kékeré fò lórí ẹsẹ̀ kan lọ bá àga. Àǹtí Ètò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Ó tó, ó tó. Bàbá, a dúpẹ́, ẹ ti gbìyànjú. Bàbá tiwa, ẹ dákun, ẹ bọ́ síbẹ̀, ká lè rí bó ṣe máa rí."

Bàbá Gbajúmọ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Ó wo àna rẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ fi orí sọ pé kó lọ, torí kí ni yóò tún sọ lójú gbogbo èèyàn? Nígbà tí ẹsẹ̀ Ìyá Kékeré rọ̀ díẹ̀, onígbàjámọ̀ dúró tì í. Ẹ gbà mí o, ọkùnrin náà lè jó! Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni pé wọn ò bí i pẹ̀lú eegun. Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè, Ìyá Kékeré ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá a gbé e bó ṣe yẹ. Bàbá Jẹ́jẹ́ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó pa á tó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ló rọra gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde lọ sínú mọ́tò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá Kékeré fi tiro wá bá a. Ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó jókòó sídìí sitiárìn, ó kó okùn aṣọ rẹ̀ jọ sórí itan.

"Bàbá, ẹ̀gbẹ́ lẹ jókòó sí. Ta lẹ fẹ́ kó wá wa ọkọ̀ fún yín?"

"Mi ò mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá síbí." Ó wo bàtà ọmọ náà. "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Má bínú, ìyá mi."

Ìyá Kékeré fi ọwọ́ kan sitiárìn. "Nígbà tí ẹ ń kọ́ mi ní mọ́tò, kò sí ọjọ́ tí ẹ ò tẹ búréèkì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kódà lójú títì tó dá páropáro, tí ẹyẹ ò sọdá. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń rò ó: kí ni Bàbá ń rí níwájú tí èmi ò rí?"

Bàbá Jẹ́jẹ́ wo iwájú mọ́tò. "Kò sí nǹkan kan níwájú," ó ní.

"Kí lẹ wá ń tẹ̀ ẹ́ fún?"

"Bóo bá ti mọ̀ ọ́n wà, o ti fẹ́ máa lọ nìyẹn." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Bí ijó yìí náà bá ti parí, wọ́n á mú ọ lọ. Èmi àti ìyá rẹ á padà sílé, a ó jókòó, a ó máa wo ojú ara wa. Mi ò fẹ́ kó parí. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó parí rárá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kíákíá. "Òróró àna rẹ ló ń wọ̀ mí lójú o."

"Mo mọ̀, Bàbá," ni Ìyá Kékeré wí, ó sì ń nu ojú tirẹ̀ tí kò sí òróró kankan níbẹ̀.

Ló bá dìde, ó tiro wọlé padà, ó lọ bá olórí àwọn onífèrè ní tààrà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, lọ́jọ́ náà, bí bàbá mi bá ti fi ẹsẹ̀ lulẹ̀, kí gbogbo yín dákẹ́. Ẹ dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá tún lù ú, ẹ máa bá orin lọ."

Olórí onífèrè rẹ́rìn-ín, ó ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí orin àwọn rárá.

"Kò sí nínú ètò!" Àǹtí Ètò ké. "Ìṣẹ́jú mélòó ni mo fún ijó ìṣíde? Oúnjẹ ńkọ́? Àwòrán ńkọ́?"

"Àǹtí mi," Ìyá Kékeré sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, "èmi ni ìyàwó."

Àǹtí Ètò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó yọ bírò, ó fi ìdúró náà kún ètò. Bàbá Gbajúmọ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyẹ́ kún gbọ̀ngàn débi pé èèyàn á rò pé ilé adìyẹ lòun wà. Bàbá Jẹ́jẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú un jáde, gbogbo ayé sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Orin sọ. Ìyá Kékeré ju ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, gbì! Fèrè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì dúró gan-an bí wọ́n ṣe wà, ẹsẹ̀ Ìyá Kékeré lókè, apá bàbá rẹ̀ nínà. Àwọn àlejò rò pé àrà ni wọ́n ń dá, wọ́n hó gèè.

Bàbá Jẹ́jẹ́ kò yára. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?" ó bi í ní jẹ́jẹ́.

"Mo ti jẹun, Bàbá."

Gbì! Orin gbéra. Wọ́n jó díẹ̀, ó tún lù ú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

"Máa wo táyà mọ́tò rẹ kóo tó jáde."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Gbì! Orin. Gbì! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

"Bí ọkọ rẹ bá sọ̀rọ̀ sí ọ bí kò ṣe yẹ, wá sílé. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Kò ní sọ ọ́, Bàbá."

"Mo kàn ń sọ ni."

Àǹtí Ètò ń na aago ọwọ́ rẹ̀ sí wọn láti ẹ̀bá ògiri. Ta ló rí tirẹ̀? Àwọn àlejò ti ń bá wọn lulẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ ṣì ní ọ̀rọ̀ kan tó fi pamọ́. Láti àárín ọ̀sẹ̀ náà ló ti ń tò ó sórí ahọ́n, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan tí kò sọ fún ọmọ náà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé e lọ́wọ́ nínú aṣọ ìnura, ó sì fẹ́ fi ìdúró ìgbẹ̀yìn sọ ọ́. Ó lulẹ̀, orin gbéra. Ìyá Kékeré ju ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ju ẹsẹ̀ sósì, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń fò, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ náà jù ú. Kò rántí kílọ́ọ̀ṣì mọ́, kò rántí iná. Ó gbọ́ tí ara rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ju ẹsẹ̀ pa pọ̀ bí ẹni pé ara kan náà ló ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbọ̀ngàn ń mì, ó sì dùn, ó dùn dé egungun.

Ni fèrè bá fọn ohùn kan gbọọrọ, ó sì dákẹ́. Ìhó sọ. Bàbá Jẹ́jẹ́ dúró, ó ń mí gúlegúle, ó ń retí kí wọ́n tún gbé e.

"Ó ti parí, Bàbá," Ìyá Kékeré sọ. Omijé àti ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. "A ti jó o tán."

"Ó ti parí?"

Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Gbogbo ibi tí wọn ò ti bẹ̀ ẹ́ ló ti ń tẹ búréèkì láti ọjọ́ yìí wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n nílò rẹ̀, ó gbàgbé láti balẹ̀. Ọkọ ìyàwó ti dé, ó ti na ọwọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ la ẹnu, ó wá ọ̀rọ̀ tó fi pamọ́ náà, kò rí i níbẹ̀ mọ́.

"Máa lọ, ìyá mi," ó ní, ó sì fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́.